Ta Ni "Wọ́n" Yẹn?

Lẹ́tà gba ihò ara ilẹ̀kùn wọlé ní òpópónà Harker,
ní Skelby, ìlú apẹja létí Òkun Àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì,
ó bọ́ sórí ẹní tí òjò àná ò tíì gbẹ lára rẹ̀.
Enid Garbutt rọra bẹ̀rẹ̀, ó mú un.
Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni,
ẹ̀yìn tó fi gbé àpótí ẹja nígbà èwe ló ń dùn ún.

Ìjọba ìbílẹ̀ ló kọ̀wé. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá ṣèpàdé,
nítorí pé àdúgbò yìí, deprived ni.
Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n pè é,
bí ẹni ń pe ewúrẹ́ ní adíkálà: àwọ̀ tó bá a wáyé.

Ìwé atúmọ̀ èdè Wilf, ọkọ rẹ̀ tó dolóògbé,
wà lábẹ́ tábìlì ilé ìdáná,
ọdún mẹ́rìnlá ló ti ń gbé ẹsẹ̀ tó kúrú ró.
Ó yọ ọ́. Tábìlì tẹ̀, ife tíì yọ̀, kò fọ́.
Ó fi ìka wá ọ̀rọ̀ náà láàárín ojú ìwé tó ti lẹ̀ mọ́ra.
Ìwé ní: ẹni tí kò ní ohun tó yẹ kéèyàn ní.
"Ìyẹn nìkan?"

Kester, ọmọ ọmọ rẹ̀, ní
wọ́n ní káwọn fi í ṣe gbólóhùn nílé ìwé lọ́jọ́sí,
òun sì kọ ọ́ pé: wọ́n fi oorun du màmá àgbà mi,
àwọn ẹyẹ òkun tó ń ké lórí òrùlé ni.
Tíṣà fún un ní máàkì, ó ní ó lò ó dáadáa,
pé ọ̀rọ̀ náà kì í fẹ́ dá rìn.

Èmi tí mò ń fi Yorùbá rò ó,
mo mọ òtòṣì, mo mọ akúṣẹ̀ẹ́, mo mọ aláìní.
Wọ́n lè jókòó sójú kan láì fi ẹnikẹ́ni sùn.
Ṣùgbọ́n a kì í ní "wọ́n fi dù ú"
ká má bi ara wa léèrè "wọ́n" náà:
bó fara pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn,
ṣóńṣó bàtà rẹ̀ á yọ síta.

Ọjọ́ ìpàdé pé. Ọ̀gbẹ́ni Pruett,
ọ̀dọ́mọkùnrin tó fi káàdì kọ́rùn,
na ọ̀pá sí àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n kùn lọ́dà:
òpópónà Harker pupa bí ojú tí àpólò mú.
Enid dìde. Àga rẹ̀ han.
"Ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n fi dù wá? Ta sì ni wọ́n?"
Ó ní, "Màmá, ọ̀rọ̀ ìṣirò lásán ni, a ò fi bú yín."
"Mi ò ní ẹ bú mi. Mo ní kẹ́ ẹ parí gbólóhùn yín."

Kẹ́kẹ́ pa.
Lẹ́yìn náà ẹnì kan ní: bọ́ọ̀sì.
Tó bá ti di aago mẹ́fà, kò sí mọ́.
Ẹlòmíì ní ilé iṣẹ́ tó ń ṣe yìnyín fẹ́ja,
ọdún tí wọ́n tì í pa
niṣẹ́ gba iwájú ilé jáde,
tí ìṣẹ́ gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.
Bert Oddy kàn yanu, ó fi àlàfo hàn wọ́n:
ogójì máìlì ni dókítà eyín tó sún mọ́ wọn jù,
ẹ̀mú tóun fi ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe lòun fi yọ ọ́.
Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ bo ẹnu.

Pruett ń kọ ọ́ sílẹ̀, ó ń kọ ọ́,
gbogbo "kí ni" ló kọ.
Nígbà tó kan "ta ni", ó dé ìdérí bírò rẹ̀.

Lálẹ́, Enid fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtumọ̀ náà:
wọn ò sọ ẹni tó mú un.
Ó ti ìwé padà sábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì.
Tábìlì dúró gbọin.
Lórí òrùlé, àwọn ẹyẹ òkun tún bẹ̀rẹ̀.